Àká Ti Wà ní Ouagadougou, Àgbàdo Dà?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, òjò kan rọ̀ ní Ouagadougou tí ìlú náà kò tíì gbàgbé. Láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá, òjò tó rọ̀ tó mìlímítà 263. Omi ya wọ ilé, ó gba títì, ó sì wọ ilé ìwòsàn ńlá Yalgado Ouédraogo títí tí wọ́n fi ní láti kó àwọn aláìsàn kúrò níbẹ̀. Nǹkan bí 150,000 ènìyàn ni ọ̀ràn náà kàn. Paspanga tí mò ń gbé kò jìnnà sí àwọn adágún omi tó wà ní ìhà àríwá ìlú. Títí dòní, bí ọ̀run bá ti ṣú, àwọn aládùúgbò mi kì í fi ẹrù sílẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Kí ẹnjiníà tó gbẹ́ gọ́tà kan ṣoṣo, ìbéèrè kan wà tó gbọ́dọ̀ dáhùn: òjò tó le jù tó lè rọ̀ níbí, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ọdún mélòó-mélòó sì ni irú rẹ̀ ń wáyé? Kò lè gbójú sókè wo sánmà kó mọ ìdáhùn. Àkọsílẹ̀ òjò ọjọ́ pípẹ́ ló máa yẹ̀ wò, kì í sì í ṣe ti ìlú kan péré. Bí àkọsílẹ̀ náà bá kúrú, tàbí tó bá ní àlàfo, gọ́tà yóò kéré ju omi lọ, omi yóò sì wá ọ̀nà gba ilé onílé.

Iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ṣe ní ìlú yìí nígbà kan rí. Àjọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Comité interafricain d'études hydrauliques, CIEH, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ouagadougou. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ló para pọ̀ sínú rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ omi. Ní 1984, Puech àti Chabi-Gonni gbé iṣẹ́ kan jáde lábẹ́ àjọ náà. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ òjò láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ, wọ́n sì fi ya àwọn ìlà tó ń sọ bí òjò ṣe lè le tó láàárín àkókò kan àti bí irú rẹ̀ ṣe máa ń wáyé sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ẹnjiníà agbègbè wa fi ń wọn gọ́tà pẹ̀lú àwọn ìlà wọ̀nyẹn.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé kíkó dátà pa pọ̀ kì í ṣe àṣà tuntun tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé wá bá wa. Kò sí orílẹ̀-èdè kan nínú wọn tó lè fi òjò tirẹ̀ nìkan ya ìlà wọ̀nyẹn; àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Èkejì ló dùn mí jù: CIEH fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Ìwé ṣì wà, ìlà ṣì wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìlà kì í ṣe òjò. Ojú ọjọ́ ti ń yí padà, ẹni tó bá sì fẹ́ tún ìlà náà yà lónìí yóò nílò òǹkà òjò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àwòrán tó ti parí. Ẹni tó jẹ ọbẹ̀ tán kò lè fi adùn tó kù lẹ́nu rẹ̀ se òmíràn. Èròjà ló nílò.

Èròjà yẹn ni mò ń pè ní dátà ìwádìí. Òǹkà òjò wà lára rẹ̀. Ìdáhùn tí ọgọ́rùn-ún obìnrin ọlọ́jà fún olùwádìí nípa owó èsúsú wọn wà lára rẹ̀. Ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀ ní abúlé, àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n oko, orúkọ ewé àti ibi tí a ti já a, gbogbo rẹ̀ ni dátà. Ìwé àpilẹ̀kọ tí a fi gboyè ni ọbẹ̀. Ọbẹ̀ la máa ń gbé síwájú àlejò, òun náà la sì ń yìn. Èròjà kì í sáábà rí ẹni béèrè rẹ̀.

Èmi máa ń béèrè. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni mò ń ṣe, mo sì tún máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè tún ìwé wọn kà kí wọ́n tó lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀. Bí mo bá ti ka orí kẹta tán, mo máa ń bi wọ́n pé, "Dátà rẹ dà?" Ìdáhùn wọn kì í ju mẹ́ta lọ. "Tantie, ó wà nínú kọ̀ǹpútà mi." "Tantie, ó wà lórí clé mi." "Tantie, ọwọ́ ọ̀gá mi ló wà." Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé wọ́n jí kọ̀ǹpútà alágbèéká òun gbé ní ibùdókọ̀. Àtẹ inú ìwé rẹ̀ pé pérépéré, ṣùgbọ́n àwọn ìdáhùn tó fi oṣù méje gbà lẹ́nu àwọn àgbẹ̀, tó fi kẹ̀kẹ́ rìn láti abúlé sí abúlé kó tó kó wọn jọ, ti wọlẹ̀. Ó gboyè rẹ̀ láìsí wàhálà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ tó bi í pé níbo ni dátà náà wà.

Bẹ́ẹ̀, àká wà nílẹ̀. Àwọn yunifásítì orílẹ̀-èdè 19 ní Áfíríkà, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń lo èdè Faransé, ní àjọ kan tó so wọ́n pọ̀: Conseil africain et malgache pour l'enseignement supérieur, tí gbogbo ayé mọ̀ sí CAMES. Niamey ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1968. Ouagadougou níhìn-ín ni ibùjókòó rẹ̀ wà. Burkina Faso wà nínú rẹ̀, Benin àti Togo tí àwọn ọmọ Yorùbá ń gbé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àjọ yìí ló ni DICAMES, àká ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn yunifásítì àti ilé ìwádìí orílẹ̀-èdè wọ̀nyí lè jọ máa kó iṣẹ́ wọn sí, kí ẹnikẹ́ni níbikíbi lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní SOHA, tí Florence Piron ti Yunifásítì Laval ní Québec darí láàárín 2015 sí 2017 pẹ̀lú àwọn olùwádìí láti Haiti àti Áfíríkà, ló la ọ̀nà fún un. Ìbéèrè wọn rọrùn: kí ló dé tí ìmọ̀ tí àwọn yunifásítì wa ń mú jáde kò fi hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Piron ṣaláìsí ní 2021. Àká náà wà síbẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé, kí ni àká náà fẹ́ ṣe tí Google Drive kò lè ṣe? Ó pọ̀. Ohun tí a bá kó sínú àká tòótọ́ máa ń gba àdírẹ́sì tí kì í yí padà, kódà bí wọ́n bá pààrọ̀ kọ̀ǹpútà tó gbé e dúró. A máa ń kọ àlàyé mọ́ ọn: ta ló kó o jọ, níbo, ọdún wo, irinṣẹ́ wo ló lò, kí sì ni òpó kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ náà túmọ̀ sí. Àtẹ tí wọ́n kọ "v7" sí lórí láìsí àlàyé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, bó pẹ́ títí kò ní wúlò fún ẹni tó kọ ọ́ gan-an. Àká máa ń sọ ohun tí ẹlòmíràn lè fi dátà náà ṣe àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ fi ṣe. Lékè gbogbo rẹ̀, àká ní olùtọ́jú. Àpò Google jẹ́ ti ẹnì kan. Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá kú, tàbí tó gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn.

Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan gbé ìlànà FAIR jáde, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ ní èdè tiwa: kí a lè wá dátà rí, kí a lè dé ibi tó wà, kí ó lè bá dátà mìíràn ṣiṣẹ́ pọ̀, kí ẹlòmíràn sì lè tún un lò. Ní oṣù kọkànlá 2021, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú UNESCO fọwọ́ sí àbá kan lórí sáyẹ́ǹsì àṣísílẹ̀, wọ́n sì dárúkọ dátà ìwádìí nínú rẹ̀. Ìjọba wa wà lára wọn. Ìwé àdéhùn kì í ṣe ìṣòro wa. Sọfítíwíà náà kì í ṣe ìṣòro wa: DSpace, tí MIT àti ilé iṣẹ́ HP gbé jáde ní 2002, ni DICAMES ń lò, ọ̀fẹ́ sì ni.

Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ìwé àti àpilẹ̀kọ la ń retí nínú àká wa, tí dátà sì wà lórí clé?

Ìdáhùn mi ni pé, àwọn olùkọ́ wa kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kò sì ya ahun. Ohun tí a bá ń yin ènìyàn fún ló máa ń ṣe. Olùkọ́ yunifásítì ní Abomey-Calavi, ní Lomé tàbí ní Ouagadougou tó fẹ́ kúrò ní maître-assistant kó di maître de conférences, tó sì fẹ́ di professeur titulaire lẹ́yìn náà, CAMES ni fáìlì rẹ̀ ń lọ. Lọ́dọọdún ni àwọn ìgbìmọ̀ onímọ̀ àjọ náà ń jókòó láti yẹ fáìlì wọ̀nyí wò. Àpilẹ̀kọ inú jọ́nàlì ló ń gbé fáìlì dìde. Dátà tí olùkọ́ fi ọdún mẹ́rin kó jọ, tó tò, tó ṣàlàyé, tó sì gbé síta kí àwọn mìíràn lè lò, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń wá níbẹ̀. Bí ó bá wá lo oṣù mẹ́ta láti tún dátà rẹ̀ ṣe fún àká, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lo oṣù mẹ́ta yẹn láti kọ àpilẹ̀kọ kan sí i ti kọjá rẹ̀. Ta ló fẹ́ fi ire ara rẹ̀ tọrẹ fún ìmọ̀?

Ẹ kíyè sí i pé àjọ kan náà ló ni àká, òun náà ló sì ni òṣùwọ̀n. Kò pọ̀ níbòmíràn lágbàáyé. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó ń tọ́jú dátà kò ní àṣẹ lórí ìgbéga olùkọ́. Ẹ̀bẹ̀ nìkan ló lè bẹ̀. CAMES kò nílò ẹ̀bẹ̀. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ọwọ́ kan ń pe olùkọ́ wá sí àká, èkejì sì ń fún un ní oyè láì bi í bóyá ó tilẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Àbá mẹ́ta ni mo ní. Àkọ́kọ́: láti ọdún kan tí wọ́n bá kéde ṣáájú, kí gbogbo àpilẹ̀kọ inú fáìlì ìgbéga tó dúró lórí dátà ní àdírẹ́sì dátà náà, ní DICAMES tàbí ní àká mìíràn tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí kò bá ṣeé gbé síta, kí olùkọ́ kọ ìlà mẹ́ta láti sọ ìdí. Èkejì: kí wọ́n ka àkójọ dátà tó ní àlàyé tó yè kooro sí iṣẹ́ tó ní àmì, kí àmì náà sì pọ̀ sí i bí àwọn mìíràn bá ti lò ó. Ẹ̀kẹta: kí akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé máà dúró níwájú ìgbìmọ̀ láìjẹ́ pé ó fi ojú ìwé kan hàn tó sọ ibi tí dátà rẹ̀ yóò máa gbé lẹ́yìn tó bá ti gboyè. Kò sí èyí tó nílò owó ilé tuntun nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Wọ́n máa ní, "Wọ́n á jí i." Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe àsọdùn. Láti ayé amúnisìn ni àwọn àjèjì ti ń kó ère wa, ewé wa àti ẹ̀jẹ̀ wa lọ, tí wọ́n ń fi wọ́n di olókìkí, tí ẹni tó mú wọn dé abúlé kò sì ní ju ìlà ọpẹ́ kan lọ ní ìsàlẹ̀ ìwé. Lónìí náà, yàrá ìwádìí tó ní ogún olùrànlọ́wọ́ àti kọ̀ǹpútà ńlá lè rí dátà tí ọ̀dọ́ olùkọ́ kan fi ọdún mẹ́rin kó, kó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọ ohun tó yẹ kí òun kọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé dátà wo ló rọrùn jù láti jí. Èyí tí kò ní déètì, tí kò ní orúkọ, tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó wà ni. Olùkọ́ tó gbé clé rẹ̀ fún alábàáṣiṣẹ́ kan láti òkè òkun ní kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ti ṣí dátà rẹ̀ sílẹ̀ tán, ẹnì kan ṣoṣo ló kàn ṣí i fún, láìsí ẹlẹ́rìí. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ún mọ́. Àká máa ń kọ ọjọ́ tí dátà wọlé àti orúkọ ẹni tó kó o wá. Ìwé ẹ̀rí nìyẹn bí ìjà bá dé. Ó sì ṣeé ṣe láti kó dátà sínú àká kí a sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹni tó kó o jọ lè kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Gbogbo ayé á mọ̀ pé ó wà, wọn á mọ ẹni tó ni ín, wọn á sì dúró de àkókò.

Ohun kejì tí wọ́n máa sọ wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, pàápàá ní orílẹ̀-èdè tí mò ń gbé yìí. Ní oṣù kẹta 2023, òǹkà ìjọba Burkina Faso fi hàn pé ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tí ogun ti lé kúrò nílé wọn láàárín orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn olùwádìí ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bi obìnrin pé abúlé wo lo ti wá, ọ̀nà wo lo gbà, ta ló gbà yín sílé, kànga wo lẹ ti ń pọnmi. Bí ẹnì kan bá gbé ìdáhùn wọ̀nyẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ abúlé àti nọ́ńbà fóònù, ó lè di ikú ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń wàásù pé kí gbogbo dátà wà ní gbangba láìyọ ọ̀kankan sílẹ̀ kò tíì ronú dé ibi tí ìyá yẹn jókòó sí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní àká, tí n kò pè é ní ọjà. Àká ní ilẹ̀kùn. Dátà kan wà tí gbogbo ayé lè kó lọ, bí òǹkà òjò. Òmíràn wà tí a ó yọ orúkọ àti àdírẹ́sì kúrò lára rẹ̀ kó tó jáde. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè, kí ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí wo ìdí rẹ̀. Ìlànà CARE, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ láti oríṣiríṣi ibi lágbàáyé gbé jáde ní 2019, rán wa létí pé àwọn tí dátà sọ̀rọ̀ nípa wọn ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí èrè nínú rẹ̀. Ẹ wo Nanoro, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà púpọ̀ sí Ouagadougou. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà R21 wò lára ọmọdé 450, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021 sì fi hàn pé ó dáàbò bò wọ́n dé ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kẹwàá 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lò ó. Ayé jàǹfààní ohun tí a mọ̀ láti ara àwọn ọmọ Nanoro, kò sì sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ìyá ọmọ kan níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni owó, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì. Iná máa ń lọ, òótọ́ ni. Íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fà bí ìgbín, òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn gan-an tí àká fi gbọ́dọ̀ jẹ́ àjọni. Bí yunifásítì kọ̀ọ̀kan bá ní kí òun dá ra kọ̀ǹpútà ńlá, jẹnẹrétọ̀ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, èyí tó pọ̀ jù kò ní lè dúró ọdún márùn-ún. Orílẹ̀-èdè 19 tó bá fi èjìká rù ú pọ̀ lè gbé e. Bákan náà, dátà tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń kó jọ kò wúwo: àtẹ tó ní ìlà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kéré sí fídíò ìgbéyàwó kan tí a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìlú yìí sì ti fi hàn rí pé òun lè ṣí dátà sílẹ̀. Nígbà ìdìbò 29 oṣù kọkànlá 2015, lẹ́yìn tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò dátà àṣísílẹ̀ rẹ̀, àbájáde ìdìbò ń hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe ń wọlé, tí ará ìlú sì ń wò ó lórí fóònù.

Wọ́n lè wá bi mí pé kí ló burú níbẹ̀ bí àwọn mìíràn bá bá wa tọ́jú rẹ̀. Zenodo wà, CERN ní Yúróòpù ló ń gbé e dúró láti 2013, ó dára, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere lórí èdè wa ló ti gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. MENYO-20k, tó jáde ní 2021 pẹ̀lú gbólóhùn tó lé ní 20,000 ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ṣí sílẹ̀ fún àwọn olùwádìí láti lò lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ti ran àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní èdè Yorùbá lọ́wọ́. Orí GitHub ni wọ́n gbé e sí. Microsoft ló sì ni GitHub láti 2018. N kò bá wọn jà. Ẹni tí kò tíì ní ẹní kò lè máa bú ẹni tó yá a ní ẹní sùn.

Ṣùgbọ́n Joseph Ki-Zerbo, òpìtàn ọmọ Burkina Faso tó jẹ́ akọ̀wé àgbà àkọ́kọ́ fún CAMES, tí Yunifásítì Ouagadougou ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, fi ọ̀rọ̀ ẹní yìí kìlọ̀ fún wa. Ìwé tó ṣe olóòtú rẹ̀ fún CODESRIA ní 1992 ni La natte des autres, ìyẹn ẹní ẹlòmíràn. Ohun tó ń tọ́ka sí ni pé ẹni tó bá sùn lórí ẹní ẹlòmíràn, bí ẹni sùn sílẹ̀ ló rí. Lọ́jọ́ tí onílé bá fẹ́ ká ẹní rẹ̀, kò ní jí ọ béèrè. Àwa Yorùbá náà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún un lẹ́sẹ̀, yóò ṣò ó. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Dátà wa lè wà lórí Zenodo, kó wà lórí GitHub, kó sì tún wà nílé. Èyí tó wà nílé ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà tí ẹ ń ka èyí, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé nìyí. Òótọ́ ni pé Nàìjíríà kò sí nínú CAMES, tí Ìbàdàn àti Covenant sì ní àká tiwọn. Ṣùgbọ́n kùrukùru tó ń rọ̀jò sí Kétu kì í fi ìwé ìrìnnà hàn kó tó rọ̀ sí Ìmẹ̀kọ. Omi tí wọ́n bá ṣí sílẹ̀ ní ìdídò Bagré ní Burkina Faso, àwọn àgbẹ̀ àríwá Ghana ló ń bá a nínú oko wọn. WACREN tó wà ní Accra ti ń so íntánẹ́ẹ̀tì àwọn yunifásítì ìhà méjèèjì pọ̀, ó sì ń kó àwọn olùtọ́jú ibi ìkówèésí jọ láti ṣe àká tó lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ifẹ̀ lè rí dátà òjò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ ní Parakou, kí ti Parakou náà lè rí ti Ifẹ̀, láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì kọ́kọ́ pàdé ní Paris tàbí London.

Ní èdè Mòoré, orúkọ àdúgbò mi, Paspanga, túmọ̀ sí kí a fi agbára kún agbára. N kò rò pé àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ń ronú nípa kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé agbára kì í wá lọ́tọ̀; ara èyí tó ti wà nílẹ̀ la ti ń fi í kún. Olùwádìí tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo nítorí pé kò rí ohun tí ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ti kó jọ kò fi agbára kún ohunkóhun. Ó kàn tún ìrìn àná rìn ni.

Ìgbìmọ̀ CAMES yóò tún jókòó lọ́dún yìí bó ṣe ń jókòó lọ́dọọdún. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ ń ṣe alábòójútó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n ń gbọ́. Bí àtúnṣe òfin bá máa pẹ́, ìbéèrè kan kò ní kí ẹ dúró de ìpàdé kankan. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀, ẹ bi í pé, "Dátà rẹ dà?" Bí ó bá ní ó wà lórí clé, ẹ dá ìwé náà padà fún un, kí ẹ sì fi ọ̀nà àká hàn án.